OK: “Kò Burú” Ni, Kì í Ṣe “Ó Dára”

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí kò ju lẹ́tà méjì lọ: OK. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá ń sọ ọ́. Ọmọdé tí kò tíì mọ̀wé kà ń sọ ọ́. Bó ṣe wọ́pọ̀ tó yìí ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ìwé atúmọ̀ èdè wò ó, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń wọlé, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà pé ó túmọ̀ sí kọ́ ló túmọ̀ sí.

A máa ń túmọ̀ OK sí “ó dára”. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá a ṣe rẹ́gí, “kò burú” ni. Ẹni tó ní nǹkan kò burú kò tíì yìn ín. Ohun tó ń sọ ni pé òun kò rí ohun tí òun fi máa kọ̀ ọ́. Ẹ gbé gbólóhùn méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. “The work is good” jẹ́ ìyìn. “The work is OK” kàn ń sọ pé iṣẹ́ náà kò ní àléébù tó tó dá padà, ó sì parí síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kọ ìyẹn sétí ìwé rẹ̀, tó wá ń yọ̀ pé wọ́n gbóríyìn fún òun, ti ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Tí ẹ bá fẹ́ yin èèyàn lédè Gẹ̀ẹ́sì, OK kò tó o. “Good” ni kẹ́ ẹ wí, tàbí “very good”, tàbí “excellent”. Ìdí nìyẹn tí “very OK” kì í fi í bọ́ sí i létí ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe èdè abínibí. OK dà bí ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀: nǹkan kúnjú ìlà náà tàbí kò kúnjú rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ “more than OK”, ìyẹn ni pé nǹkan ọ̀hún ti rékọjá ìlà náà. Wọ́n sì máa ń sọ “just OK”, èyí tó jẹ́ pé ìjákulẹ̀ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ara èèyàn, ìtumọ̀ náà kò yí padà, àyè tó gbà ló fẹ̀ sí i. “Are you OK?” ń béèrè bóyá nǹkan kan ṣe ọ́. “I'm OK” ń dáhùn pé kò sí nǹkan tó ṣe mí. Àìsí ewu ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ pẹ̀lú, wọn kò sọ pé inú ẹni náà ń dùn. Ẹni tó bá sì fi omi lọ àlejò, tí àlejò ní “I'm OK, thanks”, kó má lọ bu omi wá. Rárá ni àlejò sọ. Ó ní bí òun ṣe wà yìí tó, òun kò fẹ́ sí i.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ibi tí OK ti ṣẹ̀ pọ̀ bí ewé. Woodrow Wilson, tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1913 sí 1921, gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn Choctaw, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ti wá, “okeh” ló sì máa ń kọ sórí ìwé tó bá fọwọ́ sí. Onímọ̀ èdè kan, David Dalby, tọ́ka sí èdè Wolof ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, níbi tí “waaw kay” ti jẹ́ ọ̀nà láti sọ “bẹ́ẹ̀ ni”. Ó máa wu ọ̀pọ̀ wa kí ti Dalby já sí òótọ́. Àmọ́ ibòmíràn ni ẹ̀rí tó wà lákọsílẹ̀ dorí kọ. Allen Walker Read, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Columbia, fara balẹ̀ tú àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́, ó sì tẹ àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1963 àti 1964. Ohun tó rí ni pé ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 1839 ni O.K. fara hàn nínú ìwé ìròyìn Boston Morning Post, tí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ níbẹ̀ pé “all correct”, ìyẹn ni pé ohun gbogbo pé, kò sí àṣìṣe.

Báwo wá ni “all correct” ṣe di O àti K? Eré ni. Lásìkò yẹn, àwọn oníwèé ìròyìn ìlú Boston ń fi ìgékúrú dárà: wọ́n á kọ́kọ́ ba àkọtọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́ bíi ti ẹni tí kò mọ̀wé, kí wọ́n tó gé e. “All right” di “oll wright”, wọ́n gé e sí O.W. “No use” di “know yuse”, wọ́n gé e sí K.Y. “All correct” di “oll korrect”. Àwọn yòókù ti kú tipẹ́. Ìdìbò ààrẹ ọdún 1840 ló gba OK là. Martin Van Buren tó wà lórí àlééfà jẹ́ ọmọ ìlú Kinderhook ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ń pè é ní Old Kinderhook, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n pè ní O.K. Club. Van Buren fìdí rẹmi lọ́wọ́ William Henry Harrison, ṣùgbọ́n nígbà tí ìbò fi máa parí, lẹ́tà méjèèjì ti dé etí gbogbo ìlú.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń fi wáyà ránṣẹ́ gbà á mọ́wọ́. Tí iṣẹ́ bá dé, ẹni tó wà ní òpin wáyà á tẹ OK padà, kí ẹni tó rán an lè mọ̀ pé ó ti dé. Ìgbà yẹn ni nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí tí kò tíì kúrò lára rẹ̀ dòní. Lọ́wọ́ oníwèé ìròyìn, OK jẹ́ “ó pé, kò lábùkù”. Lọ́wọ́ oníwáyà, ó di “ó ti dé ọwọ́ mi”. Ti àkọ́kọ́ ń dájọ́ nǹkan. Ìkejì kò dá ẹjọ́ kankan: iṣẹ́ náà lè jẹ́ irọ́, ó lè jẹ́ òfò, OK á ṣì lọ. Inú àpò kan náà ni ìtumọ̀ méjèèjì jọ wà: “kò burú”, àti “tóò” tí a máa ń sọ láti fi hàn pé a gbọ́. Ẹni tó bá sọ OK lónìí lè ní ọ̀kan lọ́kàn, kí ẹni tó ń gbọ́ ọ mú èkejì.

Nínú gbólóhùn, ó lè ṣe ọ̀rọ̀ àpèjúwe, bíi “an OK answer”. Ó lè ṣe ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, bíi “she did OK”, ó gbìyànjú. Ó lè ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ: “we got the OK”, wọ́n ti fún wa láṣẹ. Ó sì lè ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe: “he OK'd the plan”, ó fọwọ́ sí i. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìṣe, àṣẹ ló ń jẹ́, kì í ṣe “kò burú” lásán mọ́, nítorí náà ẹ má fi kọ nǹkan tí ẹni tó ni àṣẹ kò tíì sọ. OK àti “okay” ni àkọtọ́ méjì tó wọ́pọ̀ jù, àwọn méjèèjì tọ́, èyí tẹ́ ẹ bá mú kẹ́ ẹ dúró tì í dé òpin ìwé. Ìlànà ìkọ̀wé AP (ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press) tí àwọn akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé fara mọ́ OK, OK'd, OK'ing àti OKs. Tí ẹ bá fẹ́ “okay”, “okayed” àti “okaying” ló tẹ̀lé e. “Ok”, tí O rẹ̀ tóbi tí k rẹ̀ kéré, ni kò bójú mu nínú ìwé tí a fi ọ̀wọ̀ kọ.

Ìbéèrè kan wà tí OK kò yẹ kó dáhùn rárá. Bí ẹnì kan bá béèrè pé “Do you mind if I open the window?”, ohun tó ń béèrè ni bóyá ó máa bí ọ nínú. Tó o bá ní “Yes”, o ti ní kó má ṣí i. Tó o bá ní “OK”, ọwọ́ rẹ̀ á wà lójú fèrèsé, kò ní mọ̀ bóyá kó ṣí i tàbí kó fi í sílẹ̀. “No, go ahead” ni ìdáhùn tó mọ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ “Is it OK if I open the window?” ló béèrè, “Yes” ni kó o sọ. Ìbéèrè méjì tó ń tọrọ ohun kan náà, ìdáhùn wọn kọ ẹ̀yìn síra wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ohùn, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ OK pọ̀ sí jù. Àwa tí a ń sọ èdè olóhùn, etí wa ti mọ́ ohùn tó ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í yí padà, èrò ẹni tó ń sọ ọ́ ni ohùn máa ń gbé jáde. Bí ohùn bá lọ sílẹ̀ lórí K, tí ó sì ya kíá, “mo gbà, ó tán” ni. Bí ó bá gòkè, ìbéèrè ni: ṣé ó yé ọ, ṣé o gbà? Bí wọ́n bá fa K gùn, tí ohùn ń lọ sókè sódò, iyèméjì ló wà níbẹ̀. Ẹni náà ti gbọ́, kò tíì gbà gbọ́, ó sì ń retí kó o ṣàlàyé. Wọ́n lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, “OK, OK”, láti sọ pé ó tó, má tún sọ ọ́ mọ́. Àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣi èyí tó kẹ́yìn yìí lò: wọ́n ń sọ “OK, OK” láti fi ọ̀wọ̀ hàn pé àwọn ń gbọ́, ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ á sì rò pé òun ti sú wọn. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ń gbọ́, “I see” tàbí “right” láàárín ọ̀rọ̀ dára ju ìyẹn lọ.

Ipò tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ tún ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Olùkọ́ wọ kíláàsì, ó ní “OK”, ó dúró díẹ̀. Kò gbà ohunkóhun, kò fọwọ́ sí ohunkóhun. Ilẹ̀kùn ló ti: ohun tẹ́ ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti parí, òmíràn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lórí fóònù, òun náà ni wọ́n fi ń mú ọ̀rọ̀ lọ sópin. Emanuel Schegloff àti Harvey Sacks, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, ṣàlàyé èyí ní 1973: kí èèyàn méjì tó dágbére, ọ̀kan á kọ́kọ́ ju “OK” tàbí “well” sílẹ̀, tí kò fi nǹkan kan kún un, ó ń fún ẹnì kejì láyè bóyá ó ṣì ní ohun kan láti sọ. Bí ẹnì kejì náà bá ní “OK”, àwọn méjèèjì ti gbà pé ọ̀rọ̀ tán, “bye” á tẹ̀lé e. Ẹni tí kò mọ èyí á gbọ́ OK àkọ́kọ́, á rò pé wọ́n ní kóun máa bá ọ̀rọ̀ lọ, á wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn tuntun fún ẹni tó ti ń wá bó ṣe máa gbé fóònù sílẹ̀.

Lórí àtẹ̀jíṣẹ́, kò sí ohùn. Gígùn ọ̀rọ̀ àti àmì ìkọ̀wé ló gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. “Okay” rọ̀, ó dà bíi pé ẹni náà fara balẹ̀. “OK” wà láàárín. “K” nìkan máa ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n máa ń kà á sí ìbínú tàbí àìkàsí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló lè dí. Àmì ìdánudúró pàápàá ń sọ̀rọ̀: àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Binghamton rí i ní 2015 pé bí wọ́n bá fi àmì ìdánudúró parí ìdáhùn tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí fóònù, àwọn tó kà á máa ń rò pé kò ti ọkàn wá tó bí èyí tí kò ní àmì. Nínú ìwé àfọwọ́kọ, wọn kò rí ìyàtọ̀ yẹn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe pàtàkì, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ gbà tẹ̀lé OK: “OK, I will be there by 4.” Ẹni tó gbà á kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ àmì.

Ibì kan wà tí wọ́n ti fi ẹ̀mí èèyàn san owó àìdánilójú tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, bọ́ǹbù tó bú ní pápákọ̀ òfurufú Gran Canaria, erékùṣù kan tó jẹ́ ti Sípéènì, mú kí wọ́n darí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú lọ sí pápákọ̀ kékeré kan ní erékùṣù Tenerife, tí wọ́n ń pè ní Los Rodeos. Boeing 747 méjì, ọkọ̀ èrò ńláńlá, wà nínú wọn: ti ilé iṣẹ́ KLM ti ilẹ̀ Netherlands àti ti Pan Am ti Amẹ́ríkà. Kùrukùru bo ilẹ̀ débi pé àwọn ọkọ̀ méjèèjì kò rí ara wọn, òṣìṣẹ́ tó ń darí wọn láti ilé ìṣọ́ kò sì rí ìkankan nínú wọn. Etí nìkan ni gbogbo wọn fi ń ríran. KLM dúró ní orí kan ọ̀nà ìgbéra; Pan Am ṣì ń bọ̀ lórí ọ̀nà kan náà. Igbákejì awakọ̀ KLM sọ lórí rédíò pé “We are now at takeoff”. Gbólóhùn yẹn fúnra rẹ̀ ṣú: ṣé wọ́n ti wà níbi tí wọ́n á ti gbéra ni, àbí wọ́n ti ń gbéra lọ? Ọ̀gá ilé ìṣọ́ mú ti àkọ́kọ́. Ó dáhùn pé “OK”. Ó dánu dúró díẹ̀, ó wá fi kún un pé kí wọ́n dúró, òun á pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá yẹn gan-an ni Pan Am náà tẹ rédíò láti pariwo pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ohùn méjì kọlu ara wọn, ariwo fíìn ló kù tó dé etí àwọn KLM. Ohun tí wọ́n gbọ́ ketekete ni OK. Ọkọ̀ wọn sì ti ń sáré lọ. Èèyàn 583 ló kú; 61 péré ló yè, inú Pan Am ni gbogbo wọn wà.

OK nìkan kọ́ ló fà á. Kùrukùru wà níbẹ̀, ìkánjú wà níbẹ̀, rédíò tó kọlu ara wọn wà níbẹ̀. Síbẹ̀ ẹ wo ohun tí lẹ́tà méjì yẹn ṣe. Òṣìṣẹ́ náà fi ti oníwáyà sọ ọ́, mo gbọ́. Etí tó ti ń retí àṣẹ gbà á bí àṣẹ.

Irú àìdánilójú yìí ni èdè rédíò ọkọ̀ òfurufú ń yẹra fún, OK kò sì sí nínú rẹ̀. Wọ́n tú àpò náà, wọ́n fún ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. “Roger” túmọ̀ sí pé mo ti gba gbogbo ohun tó o sọ kẹ́yìn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì lè dúró fún bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. “Wilco” ní ó yé mi, màá sì ṣe é. “Affirm” ni bẹ́ẹ̀ ni, “negative” ni rárá. Ọ̀rọ̀ “take-off” pàápàá, wọ́n ti fi í pamọ́ fún ìgbà tí wọ́n bá ń fún ọkọ̀ láṣẹ àti gbéra tàbí tí wọ́n ń gba àṣẹ náà padà. Nígbà mìíràn gbogbo, “departure” ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá sì fún awakọ̀ ní àṣẹ tó kan ọ̀nà ìgbéra, dandan ni kó ka àṣẹ náà padà lẹ́nu tirẹ̀.

Abẹ́ omi náà ní òfin tirẹ̀. Àwọn tó ń gbé àgbá atẹ́gùn wọ ibú máa ń so àtàǹpàkò mọ́ ìka tó tẹ̀lé e, kí ó ṣe roboto, kí ìka mẹ́ta yòókù nà. Ìbéèrè àti ìdáhùn ni: ṣé kò sí nǹkan? Kò sí nǹkan. Wọn kì í na àtàǹpàkò sókè láti fi sọ OK o. Lábẹ́ omi, àtàǹpàkò tó dojú kọ òkè túmọ̀ sí “ẹ jẹ́ ká gòkè”, ẹni tó bá sì rí i gbọ́dọ̀ gòkè. Bí nǹkan bá ṣe wọ́n, wọ́n á tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ gbalaja, wọ́n á máa yí i sí ọ̀tún sí òsì, wọ́n á wá tọ́ka sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Lórí ilẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún àmì roboto yìí kan náà: èébú burúkú ni ní Brazil, ní Faransé ó lè túmọ̀ sí òdo, ní Japan owó ni.

Lórí kọ̀ǹpútà, bọ́tìnnì OK ní ìtàn kan. Kí kọ̀ǹpútà Lisa ti Apple tó jáde ní 1983, “Do It” ni wọ́n kọ sórí bọ́tìnnì náà. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn wá dán an wò, ẹnì kan bínú, ó ka àlàfo àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì kọjá, ó sì ka I ńlá sí l kékeré, ó rí “dolt”, òmùgọ̀. Wọ́n fi OK rọ́pò rẹ̀. Ó yanjú ìyẹn, ó sì mú òmíràn wá. Ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà tó béèrè pé “Cancel this order?”, tí bọ́tìnnì méjì wà lábẹ́ rẹ̀, OK àti Cancel. Èwo ló ń fagi lé ìbéèrè ọjà, èwo ló ń fagi lé ìfagilé? Ẹni tó bá ń ṣe irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀, kó kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sórí bọ́tìnnì: “Cancel order” àti “Keep order”. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fáìlì: “Delete” ni kó wà níbẹ̀, kì í ṣe OK.

Kíka àṣẹ padà lẹ́nu ara ẹni tí awakọ̀ òfurufú ń ṣe, gbogbo ẹni tó ń fúnni ní ìtọ́ni lè lò ó. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé oògùn fún aláìsàn, aláìsàn ń mi orí, ó ń sọ OK lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì béèrè pé “Is that OK?” Aláìsàn tún ní OK. Ìbéèrè yẹn kò wúlò, OK nìkan ló lè jáde nínú rẹ̀, ìtìjú kì í sì í jẹ́ kí èèyàn sọ òdìkejì. Ohun tó yẹ kí nọ́ọ̀sì sọ ni: “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé dáadáa. Báwo lẹ ṣe máa lo oògùn yìí tẹ́ ẹ bá délé?” Orí ara rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì gbé ẹrù náà lé, kò gbé e lé orí aláìsàn. Aláìsàn wá ní òun á lo ẹyọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ fún un. Nọ́ọ̀sì á ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ọ̀nà mìíràn, á sì tún béèrè ìbéèrè kan náà títí aláìsàn á fi sọ ọ́ bó ṣe yẹ lẹ́nu ara rẹ̀.